Bí Adégoróyè Ṣe Ṣẹ́gun Ẹrẹ̀ Inú Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin tí etí yín kò di, ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn akọni tó fi idà kan ṣí ẹnubodè ìlú, tí ẹ ti gbọ́ ti ọdẹ tó wọ ẹkùn nírù jáde nínú ihò, ẹ gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Wọ́n ṣe é, a kí wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ Adégoróyè ni, ọmọ Ọlátẹ́jú fọkanáísà, ọmọ a-ri-táyà-bọmi-kó-lè-mọbi-tó-ti-jò, ọmọ-ọmọ Ọlátẹ́jú àgbà tó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú Òkè-Ìsòpà, tó gùn ún tààrà wọnú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọjà, tó dìde, tó gbọn aṣọ rẹ̀, tó sì sọ fún gbogbo èrò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá a dúró. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í bí ọ̀lẹ. Wọn kì í sì í tètè gbà pé àwọn ṣubú.

Adégoróyè ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Òkè-Ìsòpà. Ọkùnrin gíga ni, àyà rẹ̀ gbòòrò, irunmú rẹ̀ tò lórí ètè bí ọmọ ogun tó ń retí àṣẹ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a máa funfun nígbà gbogbo, sítáàṣì a sì mú un le débi pé bó bá bojú wẹ̀yìn, ọrùn nìkan ló ń yí, ẹ̀wù kì í bá a yí. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé àwọn ẹmẹ̀wà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nǹkan méjì wà tí akọni yìí kì í fi ṣeré. Àkọ́kọ́ ni ìkíni. Àwọn olùkọ́ yòókù, bí ọmọ bá ti sọ pé "ẹ káàsán, sà," tó rọra tẹ orí ba, ó ti tó wọn. Kò tó Adégoróyè. Níwájú tirẹ̀, ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí àyà kan ilẹ̀, ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga o. Ó ní àṣà wa ni, àṣà kò sì gbọdọ̀ sọnù níṣojú òun.

Ìkejì ni iyán. Bí aago bíréèkì bá ti lù, tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi eyín họ búrẹ́dì bí eku, Adégoróyè á ṣí kúlà tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ á sì gba gbogbo yàrá àwọn olùkọ́. Bó bá jẹun tán, á bu omi sínú abọ́ ńlá kan tó lè wẹ ọmọ ọwọ́, á fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbúnwọ́, á sì fi apá kan ṣoṣo da omi náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, fàà, bí apẹja tó ń ju àwọ̀n, láìbojú wo ibi tó ń bọ́ sí. Lẹ́yìn náà á bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, á ki igi tayín sẹ́nu, á na àyà. Iwájú ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ni èèyàn lè gbà dé kíláàsì láti pápá, nítorí náà gbogbo ọmọ tó bá ń ti bíréèkì bọ̀ á wólẹ̀ níwájú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kó tó kọjá. Ìran ńlá ni. Kò sí ọjọ́ tí inú Adégoróyè kì í dùn sí i.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, akọni wa gbéra, ó lọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti gba ọgbọ́n tuntun bọ̀. Orúkọ ọgbọ́n náà ni Dìsáìn Tínkìn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: kàkà kí olùkọ́ máa ka sáyẹ́ǹsì látinú ìwé sétí àwọn ọmọ, kó mú wàhálà gidi kan tó ń bá èèyàn gidi fínra, kí àwọn ọmọ lọ bá ẹni náà, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n fi ojú tirẹ̀ wo ọ̀ràn, kí wọ́n wá ro ọ̀nà àbáyọ lóríṣiríṣi, kí wọ́n fi páálí àti ọ̀pá ṣe èyí tó dáa jù ní kékeré, kí wọ́n dán an wò, bó bá bàjẹ́, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó ń kọ́ wọn tẹnu mọ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há: ẹ gbọ́ tẹnu ẹni tí ìyà ń jẹ. Adégoróyè kọ ọ́ sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí, ó sì sun oorun díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé oúnjẹ ọ̀sán ibẹ̀ dára.

Ó padà dé, ó bẹ Pírínsípà, wọ́n fún un ní pírìódù méjì tó tẹ̀lé bíréèkì lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó ti inú pírìódù méjèèjì yẹn jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì dé ibẹ̀, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ìdí tí irin fi ń gbé iná tí igi kì í fi gbé e. Wọ́n fi agolo ṣe abẹ̀bẹ̀ tó ń dá yí bí atẹ́gùn bá fẹ́. Wọ́n fi iyanrìn àti èédú sẹ́ omi ẹrẹ̀ títí ó fi mọ́ gaara, wọ́n sì jó yí garawa náà ká. Adégoróyè, tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí pátákó fún ọmọ láti dà kọ láti ìgbà tí irunmú rẹ̀ kò tíì hù, fẹ́ràn pírìódù méjì yìí ju iyán lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá wà. Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, olùkọ́ Ìṣirò, ọ̀dọ́mọkùnrin tínrín kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ti ń wá pírìódù sí i fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ojú rẹ̀ sì wà lára ti ọjọ́ Ẹtì. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Pírínsípà, Ìyáàfin Ìbíyẹmí Àróyèhún, obìnrin tí bàtà rẹ̀ ń kéde rẹ̀ kó tó dé, pe akọni wa sí ọ́fíìsì.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìrònú tuntun yín yìí ń yanjú wàhálà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò sí irú wàhálà tí kò lè yanjú."

"Ó dáa. Wàhálà rèé. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí. Òjò ò rọ̀, odò ò sí nítòsí, ọyẹ́ ti gbẹ ètè gbogbo wa. Síbẹ̀, lójoojúmọ́, àwọn ọmọ wa ń gbé ẹrẹ̀ lé àyà ṣẹ́ẹ̀tì àti orúnkún bọ̀ ní kíláàsì. Àwọn àlejò tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá rí i, ojú tì mí. Mo ti ń fi koríko gígé jẹ wọ́n níyà látọjọ́ yìí, kò dẹ́kun. Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín, ẹ wá ìdí ẹ̀ fún mi. Èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú á wá jókòó ní kíláàsì yín lọ́jọ́ Ẹtì. Tẹ́ ò bá rí i, pírìódù méjèèjì ti di ti Ìṣirò nìyẹn."

Ẹ wo bí àyà akọni ṣe já! Ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ fọkanáísà kì í jẹ́ kí wọ́n rí i lójú òun. Ó tẹríba, ó jáde, ó sì kéde ogun lórí ẹrẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: gbọ́ tẹnu ẹni tí ìyà ń jẹ. Kò fi falẹ̀. Bí bíréèkì ọjọ́ Ajé náà ṣe parí, tó jẹ iyán tán, tó fọwọ́, tó da omi, tó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó dá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dúró níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kí i. Ìwàlẹ́wà Ògúnṣọlá ló kọ́kọ́ dé, ọmọbìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, òun ló ro ti iyanrìn àti èédú yẹn. Ó kúnlẹ̀. Ilẹ̀ dún pọ̀tọ̀ lábẹ́ orúnkún rẹ̀.

"Ìwàlẹ́wà, má bẹ̀rù, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wàhálà kankan wà tó ń bá yín nípa aṣọ yín?"

Ọmọ náà wo orúnkún rẹ̀. Ó wo abọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ olùkọ́ rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀run, bóyá òjò á gbà á sílẹ̀. "Kò sí wàhálà kankan, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. A dúpẹ́, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Adélẹ̀yẹ ló tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin sísanra kan, ó ti nà gbalaja, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan amọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Gbogbo ẹ̀ dáa, sà," ni ó wí látilẹ̀. Báyìí ni akọni wa bi gbogbo wọn léèrè, tìfẹ́tìfẹ́, tọ̀yàyàtọ̀yàyà, gbogbo wọn sì fi ọ̀wọ̀ ńlá jẹ́ ẹ lóhùn látinú ẹrẹ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní ọ̀ràn náà jinlẹ̀, pé ẹrẹ̀ náà burú débi pé àwọn tó ń bá jà gan-an kò mọ̀ pé ó wà.

Bí àwọn èèyàn kò bá ní ohun tí wọ́n máa sọ, ẹ̀rọ yóò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Adégoróyè gbé àgbá kẹ̀kẹ́ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, òun àtàwọn ọmọ sì so búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ mọ́ ọn yíká, wọ́n fi ọwọ́ ìyí sí i, wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹ̀rọ Agbẹrẹ̀kúrò. Adélẹ̀yẹ yọ̀ǹda àyà rẹ̀ fún ìdánwò àkọ́kọ́. Wọ́n yí i. Ẹ̀rọ náà bú ramúramù, ó fa àpò ṣẹ́ẹ̀tì Adélẹ̀yẹ ya, bọ́tìnì rẹ̀ ń ta pàrà káàkiri bí àgbàdo nínú ìkòkò gúgúrú. Ẹrẹ̀ nìkan ni kò kúrò. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi wà nílẹ̀, Adélẹ̀yẹ alára rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Adégoróyè náà, nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, bo irunmú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó rántí ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Kí ọjọ́ náà tó parí, wọ́n ti dán ọ̀rá wò. Wọ́n gé ọ̀rá funfun, wọ́n so ó mọ́ àyà àwọn ọmọ mélòó kan, wọ́n dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Pírínsípà rí wọn láti ojú fèrèsé, ó ní kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò wọn.

Ọjọ́rú ni akọni wa yàn fún ìbùba. Bí àgbà jagunjagun ṣe ń sápamọ́ de ọ̀tá nínú igbó, bẹ́ẹ̀ ni Adégoróyè yọ́ jáde kí aago bíréèkì tó lù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò fọwọ́ kan kúlà rẹ̀, ó sì lọ lóṣòó sẹ́yìn àwọn tábìlì fífọ́ tí wọ́n kó jọ sídìí ọgbà. Láti ibẹ̀ ó rí gbogbo ọ̀nà, láti pápá dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́ dé kíláàsì. Èèrà gun ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mira. Ebi pa á, inú rẹ̀ ń kùn, ó fọwọ́ dì í mú kí ọ̀tá má baà gbọ́. Ó wo ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó ń retí ìgbà tí ẹrẹ̀ yóò fò jáde lù wọ́n.

Kò sí ohun tó fò jáde. Àwọn ọmọ ti pápá bọ̀, wọ́n dé iwájú ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò ó pé kò sẹ́ni níbẹ̀, wọ́n rìn kọjá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n wọ kíláàsì. Ó dà bíi pé àwọn kan tiẹ̀ ń fò díẹ̀díẹ̀. Adégoróyè jáde níbi ìbùba, ó yẹ aṣọ gbogbo wọn wò. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí ẹrẹ̀ lára ẹyọ ọmọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí lè ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fara balẹ̀ fún akọni, nítorí ohun tí òun rí yàtọ̀. Ó rí i pé ọ̀tá ti gbọ́ pé òun wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì ba ọ̀tá náà, ó sá. Ó rọra rìn lọ sí ọ́fíìsì Pírínsípà, ó na àyà.

"Mo ti lé e lọ, mà."

"Ẹ ti lé kí ni lọ?"

"Ẹrẹ̀, mà. Kò ní padà wá."

Ó padà wá ní ọjọ́ kejì. Akọni wa, tí kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, bẹ ìyàwó rẹ̀ kó fi kún iyán ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó da omi, ọwọ́ tún ń yọ̀ fún ọbẹ̀, ó tún un fọ̀, ó tún da omi. Àwọn ọmọ wólẹ̀ kí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó ń gé koríko lẹ́yìn ilé-ìwé pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Adégoróyè kò sùn dáadáa. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọ̀la ni wọ́n máa gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ òun, tí òun yóò padà sídìí kíkọ ọ̀rọ̀ sí pátákó.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Bíréèkì parí, akọni jẹun, ó fọwọ́, ó da omi, ó gba ìkíni rẹ̀, ó sì wọ kíláàsì lọ jagun ìkẹyìn. Pírínsípà àti Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú ti jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ẹrẹ̀ tútù ń dán lára àyà àwọn ọmọkùnrin.

Ẹ má fojú kéré ọkùnrin yìí o. Ó lè gbéra ga, ó lè jẹ iyán jù, ṣùgbọ́n ó mọ sáyẹ́ǹsì, òru tí kò sùn yẹn kò sì lọ lásán. "Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lónìí tí kò ṣẹlẹ̀ lánàá," ni ó wí, "kí la máa wá?"

"Ohun tó yàtọ̀, sà," ni kíláàsì dáhùn.

Ó pín pátákó sí méjì. Ó kọ Ọjọ́rú sápá kan, ó ní aṣọ mọ́. Ó kọ Ọjọ́bọ̀ sápá kejì, ó ní ẹrẹ̀. "Ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó yàtọ̀?"

"Ọ̀kan náà ni, sà."

"Oòrùn ńkọ́? Ọ̀nà tí ẹ gbà ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni, sà." Ohùn wọn ti ń rẹlẹ̀.

"Ó dáa. Erùpẹ̀ kì í di ẹrẹ̀ láìsí omi. Omi kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́rú. Omi wo ni?"

Adégoróyè yíjú sí pátákó láti kọ OMI gàdàgbà gàdàgbà. Ṣọ́ọ̀kì kọ̀, kò kọ̀wé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dá sí méjì. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà ń yọ̀ lójú pátákó, kò fi ohunkóhun sílẹ̀ ju ìlà ṣíṣókùnkùn kan. Ó wo ìka rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ti di ẹ̀kọ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí omi tó wà lọ́wọ́ náà ti ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ewé ẹ̀fọ́ tínńtín kan wà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀.

Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. Níbo ni òun wà ní bíréèkì ọjọ́rú? Ẹ̀yìn tábìlì fífọ́. Kúlà ńkọ́? Ó wà ní dídé. Ta ló dúró sẹ́nu ọ̀nà? Kò sẹ́ni kankan.

Ó rọra yíjú padà. Pírínsípà ṣì ń wo pátákó, ó ń wá omi náà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ní tiwọn ń wo ilẹ̀, gbogbo wọn pátá, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórí àyà àti orúnkún. Ojú ti Adégoróyè. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ fi gbóná. Ó ṣì lè nu pátákó náà o. Ó ṣì lè sọ pé páìpù kan ló ń jò lábẹ́ ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Ṣùgbọ́n pírìódù yìí ni ibì kan ṣoṣo ní gbogbo ilé-ìwé tí òun kò tíì purọ́ fún ọmọ rí, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á.

"Ta ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú yín?" ni ó bi wọ́n.

Ìwàlẹ́wà gbé ọwọ́ díẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Mi ò ní bínú. Mo fi bàbá mi búra."

Ìwàlẹ́wà ló kọ́kọ́ nawọ́. Adélẹ̀yẹ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn, títí kò fi ku ọmọ kan. Lẹ́yìn gbogbo wọn pátápátá, ọwọ́ tínrín kan tún gòkè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ti Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú ni.

Pírínsípà yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà mọ̀? Kí lẹ mọ̀?"

"Omi ìfọwọ́ wọn ni, mà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ sí." Ó wo Adégoróyè. "Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ sí mi, mà. Ibo ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń bá mi jà fún pírìódù wọn." Akínpẹ̀lú gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Pírínsípà wá kọjú sí Ìwàlẹ́wà. "Ìwọ, wọ́n ní wọ́n bi yín léèrè lọ́jọ́ Ajé. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ń wá ọ̀nà tí kò ní jẹ́ àrífín. "A wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n bi wá, mà."

Ẹ dákẹ́ níhìn-ín, nítorí ibi tí ìtàn dé yìí ló ya akọni sọ́tọ̀ lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Adégoróyè gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó jáde kúrò ní kíláàsì, gbogbo wọn rọ́ tẹ̀ lé e. Ó dé iwájú yàrá àwọn olùkọ́, níbi tí omi ìfọwọ́ rẹ̀ ti ọjọ́ náà ṣì ń dán lórí amọ̀ pupa. Ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Ó sì nà gbalaja, ó dọ̀bálẹ̀, gìdìgbà, àyà kanlẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Igbe ta. Àgbà tó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọdé! Àwọn ọmọ kan sá, àwọn kan wó lulẹ̀ yí i ká kí wọ́n má baà ga jù ú lọ, Adélẹ̀yẹ ti ń sunkún. "Ẹ dìde, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú!" ni Pírínsípà ń pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ gba èpè!"

"Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni, mà," ni ohùn kan wí láti ilẹ̀. "Mo fò ó ni." Ó dúró díẹ̀ síbẹ̀. "Ó tutù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa ń tutù báyìí. Ó tún ń rùn bí ọbẹ̀."

Ó dìde. Gbogbo iwájú ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà ti di pupa. Ó wọ yàrá àwọn olùkọ́, ó gbé abọ́ ńlá rẹ̀, èyí tí omi díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e jáde bí ẹni gbé adé. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò dà á. Ó kọjá lójú ọ̀nà àwọn ọmọ, kò dà á. Ogunlọ́gọ̀ là sọ́tùn-ún, wọ́n là sósì, olùkọ́ Ìṣirò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku ọyẹ́ gbéra níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, akọni ń lọ, akọni ń bọ̀, akọni kò kọsẹ̀, títí ó fi dé ìdí igi ọsàn tó wà létí ọgbà. Níbẹ̀, níṣojú gbogbo ilé-ìwé, Adégoróyè tẹ abọ́, ó sì da omi. Igi ọsàn mu ún.

"Ẹ ṣeun," ni Pírínsípà wí, ohùn rẹ̀ kò le mọ́. Ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Koríko tí mo ní kí ẹ gé, ẹ má bínú. A ò gé e mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú, pírìódù yín ṣì jẹ́ tiyín. Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, ẹ máa wá jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀."

Inú akọni dùn débi tí kò lè pa á mọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹrẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì kéde: "Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ kí mi, kó dúró kí mi. Ẹni tí mo bá bi ní ìbéèrè, kó dìde dúró dá mi lóhùn. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!" Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò ní orúnkún.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ìwàlẹ́wà jáde láàárín wọn, ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. "Ó ku ohun kan, sà. Tí a bá kí yín, ẹ kì í dá wa lóhùn."

Adégoróyè ronú padà sí gbogbo ọ̀sán tí òun ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú igi tayín, kò sì rántí ẹyọ kan tí òun fèsì. Ó gbé abọ́ òfìfo náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ó wí.

Nítorí náà, kí ìlú àti abúlé gbọ́, kí onísáyẹ́ǹsì gbọ́, kí oníṣirò gbọ́, kí àwọn tó ṣẹ́gun ìlú olódi sún díẹ̀ fún un níbi tí wọ́n jókòó sí: Adégoróyè ọmọ Ọlátẹ́jú, akọni Òkè-Ìsòpà, a-dọ̀bálẹ̀-nínú-omi-ọwọ́-ara-rẹ̀, ti ṣẹ́gun abọ́ omi kan. Ogun náà le gan-an. Òun nìkan ló jà á, níhà méjèèjì.